Ẹni Tó Kun Pèpéle Àdúrà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Zachariah Ọlọ́runyọmí Fádáre (1932–1996)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Araromi-Obu ni a ti bí Olóògbé Zachariah Ọlọ́runyọmí Fádáre, ní àárín òjò ọdún 1932. Fádáre, ọmọ Ìrágbìjí, ni baba rẹ̀, àjòjì tó wá ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹfúnróyè, tó ń ṣe epo pupa, ni ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé òjò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà pọ̀ débi pé orí àga àti àpótí ni àwọn àlejò gun sí kí wọ́n tó lè pe orúkọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni olóògbé àti òjò ti mọ ara wọn.

Baba rẹ̀ fi pákó arère kan pèpéle gíga kan tí wọ́n ń sá kòkó sí. Ẹni tó bá mọ igi mọ̀ pé arère fúyẹ́, ó sì funfun, ṣùgbọ́n kì í bá òjò ṣọ̀rẹ́ pẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, pèpéle náà wó lọ́sàn-án gangan, kòkó ọdún náà sì dà sínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di Ọdún Àjíǹde, gbágùúdá ni ìdílé náà ń jẹ láìsí ẹja. Bí wọ́n bá rí olú he lóko, ọdún dé nìyẹn. Zachariah, tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kejì. Nígbà tí àìsàn dá baba rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ọdún 1947, ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn kì í ṣe ti ogún, nítorí kò sí ogún. Ó ní, "Ọmọ mi, má fọkàn tán pákó tí omi bá ń bá sùn." Olóògbé kò fọkàn tán irú pákó bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1950, ó wá sí Ore láti kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Oyèlọlá. Orí ìyẹ̀fun pákó tí ayùn gé ló ń sùn, ẹ̀wù kan náà ló sì ń fọ̀ lálẹ́ tó ń wọ̀ láàárọ̀. Ó gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ ní ọdún 1955. Ní ọdún 1957, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ti àwọn àgbà. Ìjókòó tí wọ́n fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ó tún un ṣe kó tó jókòó. Olùkọ́ rò pé káfíńtà tí wọ́n ránṣẹ́ pè ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ sílé. Olóògbé lọ. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó kọ́kọ́ fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbà á sí kíláàsì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń ka Bíbélì fúnra ẹni.

Ó ti wọ Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú ní Ore ṣáájú ìgbà náà. Orúkọ ni Òkè, àfonífojì ni ilẹ̀ ìjọ náà wà, nítorí náà wọ́n kan pèpéle fífẹ̀ kan síwájú ilé àdúrà, wọ́n sì fi ọgbà pákó yí i ká. Pákó arère tí wọ́n fi ta ìjọ lọ́rẹ ni wọ́n lò. Kò sí ẹni tó ń wọ bàtà débẹ̀. Bí òjò bá ti dé, pákó á tutù, èéhu aláwọ̀ ewé á bò ó, á sì máa yọ̀ bí ilá. Olóògbé sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé ó yẹ kí wọ́n máa gbá ewé kúrò níbẹ̀, kí wọ́n máa fi omi eérú fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pákó kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Wọ́n ní ibi mímọ́ kò nílò fífọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù keje ọdún 1960, Wòlíì Adéyẹyè, olórí ìjọ, ẹni tó ga tó sì sanra, gbé ẹsẹ̀ lé pèpéle láti bùkún fún àwọn tó wà níta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó nà gbalaja. Nínú ìjọ náà, bí wòlíì bá ṣubú, a kì í gbé e, nítorí Ẹ̀mí ló gbé e ṣubú. Gbogbo ìjọ ké Halelúyà, wọ́n sì gbé orin.

Wòlíì ní, "Ẹ gbé mi dìde."

Akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Wòlíì ní, "Yéè, ìbàdí mi."

Akọ̀wé kọ ìyẹn náà. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tí ìbàdí dúró fún. Ọ̀kan ní ìlú Ore ni, èkejì ní ìbàdí ìjọba ni. Orin kẹta ni wọ́n wà kí Zachariah tó rìn lọ fi ìka ra pákó, tó sì gbé ìka náà sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Bàbá. Pákó ló yọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kan olóògbé ju bí a ṣe rò lọ. Ó ti tó ọdún kan tó ti fẹ́ràn Olúbísí, ọmọ Wòlíì, ẹni tó ń rán sùtánà funfun fún gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún baba rẹ̀. Wòlíì, tó ń jókòó lórí ìrọ̀rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó gé orúkọ Zachariah kúrú, ó ní, "Sàká, mo mọ ohun tó ń gbé ọ wá sílé mi, kì í ṣe àdúrà nìkan. Ṣe pèpéle yẹn kí ẹsẹ̀ má yọ̀ níbẹ̀ mọ́ kí ọjọ́ Òmìnira tó dé. Lẹ́yìn náà, wá bá mi sọ̀rọ̀ Olúbísí."

Olóògbé ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ó fi eérú àti iyanrìn ha gbogbo àwọ̀ ewé kúrò, ó la àlàfo sáàárín pákó, ó sì fi pákó òpepe, igi líle, rọ́pò èyí tó ti rà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Agbabu láti bu ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀, nítorí ikán kì í jẹ pákó tí a bá fi kùn. Àgbẹ̀ tó bu ọ̀dà náà fún un kìlọ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni kó o kùn ún o. Bí o bá kùn ún lójò, ara rẹ lo kùn." Olóògbé mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Òmìnira kò lè dúró de ọyẹ́. Ó po ọ̀dà náà mọ́ kẹrosíìnì, ó yọ́ ọ nínú garawa, ó sì kun pèpéle láti igun dé igun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1960, tí ìjọ fẹ́ dúpẹ́ Òmìnira, ojú ọjọ́ tutù. Zachariah fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó: ó le bí òkúta. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́: kò yọ̀ rárá. Wòlíì náà rìn lórí rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀, ó sì wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó wá ní kí gbogbo ìjọ wólẹ̀, kí wọ́n fi iwájú orí kan pákó, nítorí orílẹ̀-èdè tuntun.

Ó gbàdúrà fún Nàìjíríà. Ó gbàdúrà fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó dé orí àwọn àgbẹ̀ kòkó, oòrùn yọ. Nígbà tó dé orí àwọn awakọ̀ tó ń gba oríta Ore kọjá, oòrùn mú. Zachariah, tó dojú bolẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, gbóòórùn ohun kan tó mọ̀. Ó fẹ́ gbé orí. Orí kò tètè gbé. Ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣe Àmín." Wòlíì dá a lóhùn pé àdúrà ń fẹ́ sùúrù, ó sì kọjá sórí àwọn aboyún.

Nígbà tí Àmín dé, kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn tó lágbára já ara wọn gbà, wọ́n sì fi apá kan sùtánà sílẹ̀. Àmì dúdú wà níwájú orí gbogbo wọn, débi pé àwọn tó ń ti ìsìn bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn béèrè bóyá ìjọba ló pín in fún ọdún Òmìnira, wọ́n ní a kò fún àwọn. Olúbísí wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti bàjẹ́ lára gbogbo ìjọ. Ó ní, "Bọ̀dá Sàká, pákó nìkan ni wọ́n ní kí ẹ kùn." Wòlíì, tó dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, sọ tirẹ̀ láìgbóhùn sókè: "Ọjọ́ tí pèpéle yìí bá tún funfun ni kó o tó pe orúkọ ọmọ mi lójú mi."

Ọdún 1961 le fún olóògbé. Àwọn ọmọdé Ore sọ ọ́ ní Sàká Ọlọ́dà. Ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń fi àdá àti kẹrosíìnì ha pèpéle títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tó di Ọdún Àjíǹde, igun kan ti funfun. Nígbà tí òjò dé, igun náà hu àwọ̀ ewé. Ikán tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, akọ̀wé ìjọ, èyí tó kọ ìbàdí sílẹ̀, ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Gbogbo ibi tó ṣì dúdú le koko. Olóògbé wá rí i pé bí òun bá ha á tán, òun lè rí ìyàwó fẹ́, ṣùgbọ́n pèpéle á wó bíi ti baba òun. Bí òun kò bá sì ha á, pèpéle á dúró, òun ni kò ní rí ìyàwó.

Olúbísí ló tú ìdè náà. Ó ń fọ àwọn sùtánà tó lọ́dà ní odò kan nítòsí Omifunfun, ó sì sá wọn sórí iyanrìn funfun etí odò. Nígbà tó ká wọn, iyanrìn ti bo ọ̀dà ara wọn: ojú ibẹ̀ ti funfun, kò sì lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Ó lọ bá olóògbé níbi tó ti ń ha pákó.

"Bọ̀dá Sàká, ẹ yé ha á. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ́ ọ, kí ẹ da iyanrìn odò sí i."

"Ṣé Bàbá á gbà bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá ní kó funfun. Wọn ò ní kó dán."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, olóògbé pààrọ̀ pákó igun tí ikán jẹ, ó sì kùn ún; wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ru iyanrìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà. Pèpéle náà funfun, ó ń ha ẹsẹ̀ díẹ̀, kò yọ̀, kò lẹ̀. Wòlíì wá, ó rìn ín já, ó sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Sàká, lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá."

Ní ọjọ́ ìdána, ní oṣù kẹrin ọdún 1962, orí pèpéle náà ni ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ sí. Wòlíì kò ní kó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti orí Nàìjíríà, ó kọjá sí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó dé orí àwọn àgbẹ̀ kòkó, ó sì ń fi ojú kan wo oòrùn. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó ṣe Àmín. Olóògbé dìde. Aṣọ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ni Wòlíì pè é ní ọmọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, òun ni ìlú ń pè sí ọgbà pákó àti pèpéle káàkiri Ore àti Odigbo. Kì í gba iṣẹ́ ọ̀dà lójò, ẹni yòówù kó bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ alàgbà ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdúrà rẹ̀ ló sì kúrú jù nínú gbogbo alàgbà.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ó sùn nínú Olúwa. Ó fi Mama, Olúbísí aya rẹ̀, sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Olúsọjí, Ọlọ́runbùnmi àti Ọlọ́runtóbi, àti àwọn ọmọ-ọmọ, tí Ọlọ́runnísọ̀lá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n gbé òun dúró díẹ̀ lórí pèpéle náà kí wọ́n tó gbé òun lọ, kí ẹnì kan sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárọ̀.

Ní ọjọ́ tí ìwé ìsìnkú yìí ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, Mama lọ síbẹ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan pákó, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ máa gbé wọn bọ̀."

Bàbá wa, ẹ sinmi ní àlàáfíà. Òjò ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti kun pákó. Ẹ sùn re o.