Oríkì Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Mi

                                        Òkèṣà,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1978.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni mo pa fún ọ nígbà tí Ìyá wa kú. Ìyá kò kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí o ka èyí ṣáájú ìkíni, kí n má baà fi "ṣé dáadáa ni" bojú.

Báwo ni ara rẹ? Orúnkún tí mo gbọ́ pé ó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti Mọ́nsúrù ọkọ rẹ, tí n kò fi ẹnu mi kí rí? Wọ́n ní òjò ba iṣu yín jẹ́ ní Ìjan lọ́dún yìí. Ẹ kú ìfaradà.

Olúfúnṣọ́, àkọ́bí mi, ló ní kí n wá wo àwọn ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ Sátidé kan, òun àti Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó wa jáde láti fi ìlú hàn mí. Ìrìn ìgbín ni a rìn. A jókòó lókè bọ́ọ̀sì alájà méjì, a wo odò ńlá wọn tó pọ́n bí omi àgbàrá, a jẹ búrẹ́dì nínú òtútù, nínú oṣù kẹjọ! Lẹ́yìn náà a wọ ọgbà ẹranko. Ọkọ̀ ojú omi tí a ó wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ń retí.

Erin kan dá dúró níbẹ̀, ó ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kì í: "Ajànàkú tí ń mi igbó kìjikìji!" Monínúọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà, fa aṣọ mi.

"Bàbá àgbà, erin pàápàá ní oríkì! Tèmi dà? Dádì ní ọwọ́ yín ló wà."

Ọmọ́níyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ sí Adó! Bóyá ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

Folúkẹ́ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Nígbà tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ kọ̀wé pé kí n fún un ní oríkì. Ojú rẹ ni mo rí nínú fọ́tò rẹ̀. Oríkì tìrẹ nìkan ló ń bọ̀ sí mi lẹ́nu, mo sì ń gbé e mì. N kò pè é mọ́ láti ìgbà tí o ti fẹ́ Mùsùlùmí, tí àwọn ará ìjọ ń fi mí ṣẹ̀sín pé olùkọ́ ìjọ kò lè kọ́ ará ilé rẹ̀. Sìmíátù, orúkọ tí o gbà nílé ọkọ, ni mo ń pè ọ́, bí ẹni ń pe àlejò.

Mo jókòó síwájú erin títí wọ́n fi fẹ́ ti ọgbà. Olúfúnṣọ́ rò pé òtútù ni. A kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ọmọ́níyì sunkún délé.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Adó, mo ti mú ọ̀nà Ìjan pọ̀n, mo sì ń yí padà. Bí mo bá já wọlé lójijì, wàá kúnlẹ̀ kí mi, wàá bù mí lómi mu, nítorí pé o kò mọ̀. N kò fẹ́ fi irọ́ gba ìyẹn náà.

Gbogbo ìgbà tí Ìyá fi ń ṣàìsàn, mo ń sọ fún wọn pé mo ti ránṣẹ́ sí ọ. N kò rán ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o dé lẹ́yìn ìsìnkú, tìwọ ti ọmọ lẹ́yìn, mo dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní Ìyá ní òun kò bí Sìmíátù. "Ṣé bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, Bùrọ̀dá?" lo bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O yí padà sínú oòrùn.

Bá mi kí Mọ́nsúrù, kí o sì ka ìwé yìí sí i létí. Monínúọlá ṣì ń béèrè tirẹ̀. N kò lè mú oríkì kankan fún un nígbà tí n kò tíì dá èyí tó wà lọ́wọ́ mi padà fún ẹni tó ni ín.

Ohun tí Ìyá wí nìyí. Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wí i títí ohùn fi tán:

"Àyọ̀kẹ́ mi dà? Ẹ jẹ́ kó wá ulé."

Gbà á, Àyọ̀kẹ́. Tìrẹ ni.

                                        Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi ni,
                                        Ọlátúbọ̀sún.