Ibi Tí Òkúta Wà Kọ́ Ni Òkú Wà

Ilé Ògúntìmẹ́hìn,
Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
Ọ̀nà Àkànrán,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìgbèríko,
Àkànrán.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ṢÁLÁŃGÁ TÍ Ẹ FẸ́ GBẸ́ SÍ ORÍ IBOJÌ OLÙDÁSÍLẸ̀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ WA

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìpayà ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yín fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ibi tí wọ́n kan èèkàn sí gan-an ni òkú Ọ̀gágun Harlan Pruitt, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, wà.

2. Ará Amẹ́ríkà ni. Ó wà nínú ogun tí wọ́n fi tú àwọn ẹrú sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì fi apá òsì rẹ̀ sílẹ̀ sójú ogun. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ológun ìgbà náà ní kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìbọn yíyìn. Ó kọ̀. Ó ní ìbọn ti tó òun, ìwé ni òun yóò kọ́ wọn. Wọ́n sun ahéré rẹ̀. Abẹ́ igi ìyeyè ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára wọn.

3. Kí ibà tó pa á, ó bẹ̀ wọ́n pé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ sídìí igi náà ni kí wọ́n sin òun sí, kí òun lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀. Láti ìgbà náà, ilé wa ló ń ro ojú oórì rẹ̀ lọ́dọọdún kí a tó kọ ebè iṣu. Èmi nìkan ló kù. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn odi. N kò mọ ẹni tí yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

4. Àṣìṣe yìí kì í ṣe tiyín, tiwa ni. Màlúù ń fara ha òkúta orí ibojì náà, ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù abúlé wa bá gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣọgbà yí i ká, wọ́n kùn ún lọ́dà funfun. Ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n òkúta nìkan ni wọ́n gbé, òkú kò bá a lọ. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn awọnlẹ̀ yín wá yà sọ́tọ̀ bí ibojì.

5. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Roheem tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, ẹ lọ sinmi. Ibi tí òkúta bá wà ni òkú wà." Mo fi kùkùté igi ìyeyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà hàn án. Ó ní kùkùté kì í ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Bí mo bá gbọ́ ìró katakata lójú ọ̀nà, mo máa ń sáré jáde lọ wò ó. Bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn ọjọ́ Ajé ńkọ́?

6. A fẹ́ ṣáláńgá. Inú igbó ni àwọn ọmọ ń lọ, ejò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ gbòòrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún èèkàn náà síbẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ rán ẹnì kan wá láàárọ̀, kí ó dúró ti èèkàn nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ. Yóò gbọ́ gbogbo wọn ketekete. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ dúró ti òkúta funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí orúkọ kan tó ń dé ibẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú àníyàn,
Josiah Ògúntìmẹ́hìn,
Ẹni tó ń ro ojú oórì náà.