Kókó Ọrùn Ìtùnú

Ìyá Ìtùnú, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí bàbá wọn. Ẹ̀kọ́ mi ní Ìsẹ́yìn ń lọ, àmọ́ Ìtùnú tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nìkan ni mo rí bá ṣeré.

Láràárọ̀, tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, mo máa ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná, màá fún un, màá fi jó kókó tó yọ lọ́rùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ó ti wú, ó ti pọ́n.

“Ta ló ní kí ẹ máa jó o?” Nọ́ọ̀sì tí mo gbé e lọ bá ló bi mí. “Inú oyún ló ti bá a wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ síta ni. Jíjó yẹn ló mú un bínú.”

Ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ń fi síkáàfù bò ó tí ẹ bá fi fídíò pè.

Ọlọ́run á pa wá mọ́. Lọ́la, màá gbé e lọ bá dókítà, màá pè yín níbẹ̀, mi ò sì ní bo ọrùn rẹ̀.

Gbémisọ́lá, àbúrò yín