A Ò Yà Kí Tàǹtí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ̀ ń gbà lórí orúkọ wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi àgbà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tíṣà, àwọn ló máa ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kà á sókè, ẹ má fo ibì kankan nítorí pé mo jẹ́ àbúrò yín. Mo kí àbúrò mi tó ń ṣẹ́ owó ní Ìgolò, mo kí gbogbo ọmọ ilé. Ìwé mi ò pọ̀. Ìwé orin ìjọ ni mo fi kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, donc ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó fi ọwọ́ nù ún.

Ìyá mi, ẹ pè mí lóṣù tó kọjá, ẹ kì mí títí ohùn yín fi fẹ́ẹ̀ di ẹkún. Ẹ ní mo ṣe bí ọmọ, pé mo kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ kí Tàǹtí, àbúrò yín. Ẹ ní Tàǹtí fúnra wọn ló pè yín, wọ́n ní a wá, a jẹ, a mu, àwọn ọmọ jó. Ẹ ti sọ ọ́ láàárín àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo àdúrà tí ẹ gbà lọ́jọ́ yẹn, mo ṣe àmín sí i.

A ò yà, ìyá mi. A kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìlú wọn ni. Irọ́ ni Tàǹtí pa fún yín, èmi ni mo sì mú kí wọ́n pa á. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ni mo ṣe kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Iwájú èèyàn lẹ ti yìn mí, iwájú èèyàn náà ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n rò ó bó ṣe rí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Páálí ni mò ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Òjò ibí pàápàá kì í rọ̀ bí òjò, ńṣe ló ń jò bí ẹni pé òrùlé ọ̀run ló lu. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń pariwo ọgbà eré ńlá kan tó wà lẹ́yìn Paris, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èèyàn ròkè tí á tún jù ú wálẹ̀, tí wọ́n á sì ní ìgbádùn ni. Wọ́n ní gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ló ti débẹ̀. Nígbà tí mo gba fákáǹsì níbi iṣẹ́, èmi àti Clarisse ìyàwó mi jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú bébà. Ọjọ́ méjì ní ọgbà eré. Tí a bá ń lọ, ká yà wo ààfin ọba àtijọ́ kan. Tí a bá ń bọ̀, ká yà síbi tí wọ́n ti ń fún wàrà màlúù, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kan ọmú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ní Tchaada nílé wa lọ́hùn-ún, ta ló ń sanwó kó tó rí màlúù? Clarisse ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n dákẹ́.

Àsìkò yẹn lẹ pè. Mo dárúkọ ìlú tí ọgbà náà wà, ẹ ní ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àbúrò yín ń gbé? Ẹ ní a gbọ́dọ̀ yà. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yíyà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Láti Ifangni dé Ìgolò, kò yẹ kó gba zẹ́mì tó ń fi alùpùpù kérò ní àsìkò kankan. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ lé yín, oòrùn á ti rọ̀ ká tó débẹ̀, torí ẹ máa yà kí ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ máa yà kí opó, ẹ máa yà kí ẹni tí ẹ ń bá jà pàápàá, kó má baà rí ẹnu sọ pé ẹ kọjá. Ní Dáàgbé, onízẹ́mì kan já wa sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun ò lè bá ìyá oníkíni ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹni tí a sì ń sọ yìí, ṣé àlejò ni? Nígbà tí mo dé ilẹ̀ Faransé yìí tí mi ò mọ ẹnì kankan, tí ìdákẹ́jẹ́ ibí fẹ́ yí mi lórí, Tàǹtí ló gbà mí sílé. Ọdún méjì gbáko. Wọ́n sùn sórí ẹní, èmi sùn sórí ibùsùn wọn, wọ́n ní èmi ni mo máa gbé ẹrù lọ́la.

Bon, mo kọ orúkọ wọn sí bébà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ: Tàǹtí, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ilé òkúta tí ẹnì kankan ò gbé, mo fún un ní wákàtí méjì. Ẹni tó tọ́jú mi, mo fún wọn ní àsìkò tí ọbẹ̀ ò tíì hó. Tàǹtí ò mọ̀. Wọ́n ti ń bi Clarisse lórí fóònù pé ṣé àwọn ọmọ lè jẹ ata.

Ni ṣẹ́ẹ̀fù mi níbi iṣẹ́ bá gbọ́. Ó ní òun náà ń kó ìyàwó àtọmọ lọ sí ọgbà yẹn, ká jọ lọ, ọkọ̀ méjì. Inú mi dùn bíi ti aṣiwèrè, pé ọ̀gá mi fẹ́ bá mi rìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ṣẹ́ẹ̀fù wo Tàǹtí. Mo rí àtẹ̀gùn ilé wọn tó ń rùn. Mo rí ilà ojú wọn. Mo rí bí wọ́n ṣe máa pariwo oríkì mi látòkè, bí wọ́n ṣe máa fi ọwọ́ já ẹran sẹ́nu ọmọ ṣẹ́ẹ̀fù. Mo fi Tàǹtí ṣe ohun ìtìjú, ìyá mi. Ẹni tó sùn sílẹ̀ nítorí mi.

A dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Clarisse ní, "Ṣé a ò yà ni?" Ọmọ mi obìnrin ti ń wọ bàtà ẹ̀ lẹ́yìn. Mo wo dígí, mo rí ọkọ̀ ṣẹ́ẹ̀fù tó ń tẹ̀ lé mi. Mi ò tan iná yíyà. Mo lọ tààrà.

Ibi tí a ti ra epo ni mo ti pe Tàǹtí. Mo ní inú ń run ọmọ, a ò ní lè dúró. Mo fi ẹnu ara mi pe àìsàn lé ọmọ mi lórí. Tàǹtí ò bínú. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sí ọmọ náà níkùn, wọ́n sì gbàdúrà fún un, ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́. Clarisse ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró lọ́tọ̀.

Ọgbà eré ńkọ́? Ìlà ni. A tò ká tó jẹun, a tò ká tó tọ̀, a tò fún ohun tó yí wa po lẹ́ẹ̀mẹta tó sì dà wá síta. Àwọn ọmọ yọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ gba fọ́tò wa, tí ẹ ń pín in kiri, kò sẹ́ni tó bi mí nínú yín pé fọ́tò Tàǹtí dà. Ẹ̀yin náà, ẹ gba díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa mí nìyí. Nígbà tí a ń bọ̀, ṣẹ́ẹ̀fù ní ká jọ̀ọ́ dúró, òun fẹ́ yà kí àbúrò bàbá òun, ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé lábúlé. Òyìnbó yà! Ilé ìyá náà ń rùn bí ajá tó rẹ sójò. Ó ń fẹnu ko àwọn ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń fi ọwọ́ bu oúnjẹ fún wọn, ó ń pe ṣẹ́ẹ̀fù ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tó ṣì ń tọ̀ sílé. Ojú ò ti ọkùnrin yẹn rárá. Ẹ̀rín ló ń rín. A jókòó títí oorun fi gbé ìyá náà lọ lórí àga, a ò rí màlúù kankan mọ́. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ni ìyá yìí jẹ́ sí wa.

Nígbà tí ẹ wá pè mí tí ẹ ń kì mí, mo ka ọjọ́ tó kù kí n sinmi níbi iṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi mi pé, mo lọ bá Tàǹtí, èmi nìkan. Mo pàdé aládùúgbò wọn kan lórí àtẹ̀gùn, ará Mali. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní lọ́jọ́ tí a wá, Tàǹtí gbé òkèlè àmíwò àti adìyẹ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn láti Ifangni ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, wọn ò lè jẹ ẹ́ tán.

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Tàǹtí, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

"Ẹ ti wá," wọ́n ní. "Mo ti sọ fún ìyá ẹ pé ẹ wá, ẹ yó. Tó o bá ń bẹ̀ mí, èmi di onírọ́ nìyẹn. Dìde."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n purọ́ nítorí mi. Wọ́n ní ta ló purọ́ nítorí mi? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti dàgbà, irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ló yẹ kó máa gbé sùn. Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Inú ọmọ ńkọ́?" Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní ó ti san. Wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Mo ti sọ. Mo ti bú òtútù, mo ti bú ṣẹ́ẹ̀fù, mo ti bú bébà Clarisse, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ tèmi ló ń darí ọkọ̀. Fákáǹsì tó ń bọ̀, ilé Tàǹtí la máa kó lọ, a ò ní wo aago. Mo ti sọ fún ṣẹ́ẹ̀fù: tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí. Ẹ bá mi kí bàbá àgbà, ẹ kí àbúrò mi kó má bá kọsítọ́ọ̀mù jà, ẹ kí àwọn obìnrin ìjọ. Ìyá mi, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ ọ̀nà. Tí inú bá ń bí yín sí mi, ó tọ́, ẹ má gbé fóònù mi. Ṣùgbọ́n ẹ pe Tàǹtí. Ẹ má bá wọn jà lórí irọ́ náà. Ẹ kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún oúnjẹ tí wọ́n sè fún àwọn ọmọ mi, torí wọ́n sè é lóòótọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Fẹ́lísì