Orúkọ Tèmi Ni Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, ìyá mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́ nílé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì tí o ti ń ká aṣọ ibùsùn àwọn èèyàn tí o kò mọ̀ rí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn ọ́, áyọ́ọ̀nù gbígbóná kò ní kàn ọ́ lára, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kó bínú, ìwọ náà kò ní rí i kí inú rẹ bàjẹ́. Bó bá jẹ́ orí ìdúró ni lẹ́tà yìí bá ọ, jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á, torí èmi tí mò ń kọ ọ́ gan-an, mo ti dìde lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú nítorí eyín ti rọlẹ̀ díẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò, mo ti tún un ṣe, ó ti wá ń jò níbòmíràn. Ajá aládùúgbò tó gé ọ jẹ nígbà tí o wà ní kékeré ti kú, a ò sunkún. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ náà wà dáadáa, tí òjò bá ń rọ̀ a máa ń fi aṣọ wé e kí òtútù má baà mú obìnrin inú rẹ̀ tó máa ń sọ pé ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an, ìtìjú ni, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà sá.

Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n pe àwa òbí ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn sípàdé nílé-ìwé àbúrò rẹ. Tíṣà obìnrin kan wà níbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó kọ́ ọmọ ní ìṣirò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bi ọmọ pé lẹ́yìn ibí ńkọ́, níbo lò ń lọ, kí lo máa gbé dání. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Yunifásítì. Ó pín fọ́ọ̀mù fún wa, ó ní kí òbí àti ọmọ jọ jókòó tì í, kí wọ́n kọ iṣẹ́ tó wu ọmọ àti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó fẹ́ lọ, kí ọmọ wá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé kí ọjọ́ tó pé. Ó ní òbí tí ohunkóhun bá rú lójú kó wá bá òun lọ́fíìsì ní Ọjọ́rú, òun ò ní fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé èmi ló ń wò. Ni mo bá ń mi orí bí alángbá, mo sì fi bírò há etí kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé bírò ò ṣàjèjì sí mi.

Ìwọ náà rò pé mo mọ̀wé, àbí? Gbogbo yín lẹ rò bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń rí mi tí mo ká pílánù ilé sábẹ́ apá lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà, àbúrò rẹ sì ti fi mí yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé mo lè ka ilà, mo lè ka nọ́ńbà, mo mọ ibi tí fèrèsé wà lórí pílánù. Èdè tiwa yìí náà, mo lè kọ ọ́, mo sì lè kà á bí wọn ò bá kán mi lójú. Ṣùgbọ́n òyìnbó inú fọ́ọ̀mù, ìyá mi, ojú mi kàn ń rìn lórí rẹ̀ bí èèrà lára ògiri ni, kò rí ibi wọlé. Nígbà tí àbúrò rẹ gbé àga wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé Bàbá, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í, mo ní kó gbé e sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, o gbọ́?

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ béèrè orúkọ, mo fún un ní tèmi ní kíkún. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, mo fún un ní èyí tó wà lára káàdì mi. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ kọ́, mo ní ilé ni mò ń kọ́, mi ò kọ́ nǹkan mìíràn rí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo orí mi tó ti funfun, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé èmi ni, mo ní ta ni ì bá tún jẹ́, ṣé ó rí ẹlòmíràn lẹ́yìn mi ni? Ó ní kò sẹ́ni tó dàgbà jù fún ìwé, pé mo kú ìgboyà. Mo rò pé gbogbo bàbá tó bá wá ló ń kí bẹ́ẹ̀. Ó yà mí ní fọ́tò, ó ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun ò rí ìka kankan, torí sìmẹ́ǹtì ti jẹ ilà ọwọ́ mi tán, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ kó tó gbà pé èèyàn ni mí. Ó wá ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan wá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo rò pé ilé-ìwé ló rán an kó wádìí ohun tí mò ń fi pamọ́. Mo ní mi ò jalè rí, mi ò níyàwó síta, mi ò ní àṣírí kankan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní lẹ́tà mẹ́jọ péré ni òun ń wá.

Bó ṣe di pé mo gba ìwé ìdánwò nìyẹn. Mo gbé e délé nínú ọ̀rá kí ó má baà dọ̀tí, mo nà án sí àbúrò rẹ níwájú ìyá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n wá kàwé. Ó wò ó, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yọjú wò ó, ó sì pariwo pé fọ́tò bàbá ni, pé bàbá ló fẹ́ lọ ṣe ìdánwò! Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo ní ohun tí tíṣà ní ká ṣe ni mo ṣe, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà. Àbúrò rẹ bá nawọ́ ìwé náà sí mi, ó rọra ní kí n fi ibi tó wà hàn án. Mo gbà á. Mo wò ó. Mo fi ìka lé ibì kan, mo tún gbé e lọ síbòmíràn, ó sì rí i.

Ó gba ìwé náà padà, ó ká a, ó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé oníkọ̀ǹpútà yẹn ló ṣe àṣìṣe, pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló bo ìhòòhò mi, ìyá mi. Ó purọ́ nítorí mi, èmi tí mo nà án nígbà kan nítorí irọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ yẹn, Ọjọ́bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì Ìyá Yunifásítì. Yàrá kékeré ni, wọ́n fi bíríkì kan gbé ẹsẹ̀ tábìlì kan sókè, wọ́n lẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi mọ́ ògiri títí dé òkè àjà. Onígbàjámọ̀, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní kíláàsì yẹn, àti obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n kàn ń sá fún oòrùn ni. Mo ní kí n dúró kí wọ́n lọ. Wọn ò lọ. Aago ń lọ, àwọn ni kò lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí tíṣà ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ níwájú wọn pé mi ò lè ka fọ́ọ̀mù náà, pé mi ò lè kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga mi kúrò níwájú rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ, ó sì ń ka fọ́ọ̀mù náà fún wa lédè wa, ilà kan lẹ́yìn ìkejì.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé dókítà eyín ni àbúrò rẹ fẹ́ jẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò béèrè rí. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti ń sunkún eyín ni òun ti pinnu, ó sì yọ ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì tó ti kọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ sí, ìwé ọdún méjì gbáko, lábẹ́ òrùlé mi. Tíṣà ní kẹ́mísírì rẹ̀ kò tíì lágbára tó, kó máa dúró lẹ́yìn ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó sì lọ fojú rí ilé-ẹ̀kọ́ tó fi ṣe àkọ́kọ́, torí àyè ṣì máa wà láti yí i padà. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìdánwò tirẹ̀ jáde, pẹ̀lú fọ́tò tirẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà ní tèmi kò ṣeé fà yọ mọ́, pé ìdánwò ń retí mi. Mo ní kó máa retí mi lọ.

Èyí tó kù ló ń mú mi dìde. Kí n tó kúrò lọ́fíìsì náà, mo bi tíṣà nípa ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí o gbé wá bá mi lọ́dún tí o parí ilé-ìwé, tí mo sọ fún ọ pé kò sówó, pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò wà fún irú wa. Kì í ṣe owó, ọmọ mi. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Tíṣà ní òun ò lè búra láìrí i, ṣùgbọ́n ìyeyè láyé ọjọ́un, ìwé àwọn ọmọ tí orí wọn pé ni, tí wọ́n máa sanwó ilé-ẹ̀kọ́ fún, pé kí bàbá kàn buwọ́ lù ú ni. Ìwọ lo gba ipò kìíní lọ́dún yẹn. Ìwé náà, mo fi wé ìṣó. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bo èyí.

Tíṣà ní ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ṣì lè bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ti pé e pàápàá. Ó ní bí o bá lè gbàyè wálé ní Ọjọ́rú kan, òun á jókòó tì ọ́. N ò pàṣẹ fún ọ, mi ò lẹ́nu rẹ̀.

Ojú tì mí láti béèrè owó lẹ́yìn ohun tí mo sọ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Bí o bá ní díẹ̀ lọ́wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ kó lè lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Bí inú bá ń bí ọ, má fi ránṣẹ́, a ó wá a. Ọlọ́run tó rí ọ lọ́jọ́ tí èmi ò rí ọ, kó má gbàgbé ibi tó bá ọ dé. Ohun tí ọwọ́ mi tì mọ́ ọ, kí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣí i fún ọ. O ò ní fi ọ̀pọ̀lọ rẹ ká aṣọ ibùsùn kú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ èyí, àbúrò rẹ ní òun á bá mi tún un kọ, mi ò gbà. Bí o bá máa fèsì, má fi sórí fóònù. Kọ ọ́ sórí ìwé, lédè wa, kí o jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú ni, kọ ọ́ tán pátá, má dín in kù nítorí mi. Èmi fúnra mi ni n ó kà á.

Bàbá rẹ.