Ọwọ́ Wòlíì

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbíjọkẹ́,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọwọ́ mi gbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Turffontein níbí, ni wọ́n bá pariwo pé Ẹ̀mí ti bà lé mi. Mo wo Ọláfẹ́mi ọkọ mi, torí ìṣojú ẹ̀ ni dókítà ti sọ pé àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ni. Àmín tiẹ̀ ló ròkè jù.

Wọ́n ti sọ mí di wòlíì báyìí, wọ́n sì gbé àga síwájú fún ọkọ wòlíì. Eish, mo ti dèèyàn ńlá! Ọláfẹ́mi ní kí n má lo oògùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ́, kí ọwọ́ náà lè gbọ̀n dáadáa.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé ọkọ mi ń tọ́jú mi dáadáa.

Àbúrò yín,
Bùkọ́lá