Ìdíje Tẹ́níìsì Tí Màmá Gbá Kẹ́yìn

Conyers, Georgia

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Adédìran,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Oyèníran ọkọ mi ti padà sí shift ọ̀sán. Hephzibah ọmọ wa ti gba license ìwakọ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n iyè wọn ti ń ra.

Ẹ rántí pé obìnrin méjì péré, Màmá àti ẹnì kejì wọn, ló ń gbá tẹ́níìsì nínú ẹgbẹ́ wọn n'Íbàdàn. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Màmá ló ń rán aṣọ funfun tí wọ́n fi ń gbá a. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé wọn lọ síbi ìdíje ìkẹyìn tí àwọn méjèèjì bá ara wọn gbá, kí Bàbá tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ní báyìí, àràárọ̀ ni Màmá ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni wọ́n bá gbá a. Wọ́n á ní, "Ta ló borí nínú àwa méjèèjì?" Tí mo bá ní àwọn ni, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa. Tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á bú sẹ́kún, wọn ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Bọ̀dá, mi ò mọ èyí tí mo lè ṣe mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá, kí wọ́n gbọ́ ẹni tó borí lẹ́nu yín. Ọlọ́run á dá yín sí, torí ẹ̀yin nìkan ló kù tó wòran ọjọ́ náà.

Tó bá sì jẹ́ pé Màmá fìdí rẹmi, ẹ má jẹ́ kí èmi náà mọ̀.

Àbúrò yín,
Rẹ̀mílẹ́kún